Erùpẹ̀ Wo, Àfikún Wo? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Sin Adìyẹ Díẹ̀ Sẹ́yìnkùlé

Ẹni tó bá ń sin adìyẹ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé kì í pẹ́ bá ìbéèrè méjì pàdé: kí ni kí òun dà sí ibi tí wọ́n ti ń yí erùpẹ̀, kí sì ni kí òun fi kún oúnjẹ wọn? Ohun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ lọ súà. Ìyẹ̀fun wà lóríṣiríṣi, òògùn àpòmi wà, ìkarahun wà, òkúta wẹ́wẹ́ wà, ìdin gbígbẹ náà wà. Kò sí èyí tí kò níṣẹ́ tirẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò fún agbo kan lè jẹ́ àṣedànù fún agbo kejì, ó tilẹ̀ lè pa á lára.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kòkòrò wo ló wà lára àwọn adìyẹ yín, àbí kò tiẹ̀ sí rárá? Ìkejì, kí ni olórí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́? Gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè méjèèjì. Èmi fúnra mi sì ní ìlànà kan tí n kì í yẹ̀: ohun tí adìyẹ bá lè fẹnu ara rẹ̀ yàn, n kì í pò ó mọ́ oúnjẹ fún un. Mo máa ń gbé e sọ́tọ̀ ni, torí adìyẹ mọ ìgbà tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

## Kí ni adìyẹ ń fi erùpẹ̀ ṣe?

Ẹni tí kò mọ̀ á ní adìyẹ ń sọ ara rẹ̀ di ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ìwẹ̀ ló ń wẹ̀. Kókó kékeré kan wà lókè ìdí ìrù rẹ̀ tó ń sun òróró. Ẹnu ló fi ń fa òróró náà, tó sì fi ń pa ìyẹ́ rẹ̀ lára. Bí òróró ọ̀hún bá pẹ́ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìyẹ́ pọ̀, pàápàá ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́, èyí tó ń mú kí ara rẹ̀ móoru. Erùpẹ̀ kíkúnná ló ń fa òróró tó ti pẹ́ yẹn mọ́ra. Tí adìyẹ bá wá dìde, tó gbọn ara rẹ̀ dáadáa, erùpẹ̀ àti òróró á jọ dànù, àwọn kòkòrò kan á sì bá wọn lọ.

Á fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á fi ẹnu kó erùpẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á jókòó, á fẹ ìyẹ́ sílẹ̀, á sì máa fi apá gbọn erùpẹ̀ sókè kí ó lè wọlé dé awọ ara. Lẹ́yìn náà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á máa fi orí àti ẹ̀gbẹ́ ra ilẹ̀. Ọ̀sán ló sábà máa ń ṣe é, ó tó ọjọ́ méjì méjì síra, ó sì lè gbà tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Adìyẹ tí wọ́n tì mọ́ orí wáyà, tí kò rí erùpẹ̀ kankan, á ṣì máa ṣe gbogbo ìṣe yìí lórí irin lásán. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá wá jọ̀wọ́ rẹ̀ síbi tí erùpẹ̀ wà lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, á yí i ju bó ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni ń san gbèsè.

## Ohun tí a lè dà sí i

| Ohun náà | Ibi tó ti dára | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|
| Ilẹ̀ gbígbẹ lásán | Ọ̀fẹ́ ni, adìyẹ kì í sá fún un | Ó ń di ẹrẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ sì lè dì bí òkúta |
| Iyanrìn | Kì í dì, ó ń tètè gbẹ | Èyí tó hóró jù kì í wọ abẹ́ ìyẹ́ |
| Ilẹ̀ irà gbígbẹ | Ó kúnná, adìyẹ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi | Eruku rẹ̀ pọ̀, kì í sì í wà níbi gbogbo |
| Èérún pákó | Kò wúwo, kò wọ́n | Kò kúnná tó fún ìwẹ̀ |
| Eérú igi | Ó kúnná, ó ń fa ọ̀rinrin | Ó ń jó awọ bí omi bá kàn án |
| Ìyẹ̀fun DE (diatomaceous earth) | Ó ń pa iná adìyẹ àti kòkòrò ara mìíràn | Eruku rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró |
| Imí ọjọ́ lúbúlúbú | Òun ló lágbára jù lórí kòkòrò ara | Ó ń ta ojú àti imú |

Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ohun ìwẹ̀. Eérú wà láàárín. Méjì tó kẹ́yìn, òògùn ni mo kà wọ́n sí, ibẹ̀ sì ni èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà wọ́n ti yapa. Wọ́n á ní kí ẹ máa bu ìyẹ̀fun sí erùpẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Bí kò bá sí kòkòrò lára adìyẹ, kí la fẹ́ fi òògùn ṣe?

Ilẹ̀ àti iyanrìn. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí gbé ilẹ̀ irà gbígbẹ, iyanrìn àti èérún pákó kalẹ̀ fún adìyẹ pé kí ó yan èyí tó fẹ́, ilẹ̀ irà ló sábà máa ń borí, iyanrìn á tẹ̀ lé e, èérún pákó á sì gbẹ́yìn. Kíkúnná ló fà á: ohun tó bá kúnná ló lè yọ́ gba àárín ìyẹ́ dé awọ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀ tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn kíkúnná ní ìdajì-ìdajì, ti tó. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ jẹ́ kí iyanrìn pọ̀ jù ú lọ, torí amọ̀ tí omi bá kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á di ògúlùtù, adìyẹ á sì pa á tì. Bí ilẹ̀ yín bá ti jẹ́ yanrìn-yanrìn tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan.

Èérún pákó dára fún títẹ́ sílẹ̀ nínú ilé adìyẹ, ẹ fi síbẹ̀.

Eérú. Eérú igi kúnná bí àtíkè, ó sì ń fa ọ̀rinrin, ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ń lọ yí i fúnra rẹ̀ bó bá rí ibi tí wọ́n ti dáná. Ìṣòro rẹ̀ ni omi. Omi tó bá gba inú eérú kọjá máa ń le débi pé òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ, kò sì yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ adìyẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ojú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí òjò kò lè dé nìkan ni eérú ti ń wúlò. N kì í jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àpòpọ̀ lọ. Igi lásán ni kí ó ti wá: igi tí wọ́n kùn, igi tí wọ́n fi òògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, èédú tí wọ́n da epo sí, àti pàǹtí tí wọ́n sun, kò sí èyí tó dára nínú eérú wọn. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o, torí ẹyin iná lè sá pamọ́ sínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyẹ̀fun DE. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni diatomaceous earth. Wọ́n ń wà á láti inú ilẹ̀, ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó gbé inú omi láyé àtijọ́ ló sì jẹ́. Ó ń fa ọ̀rá tó bo ara kòkòrò kúrò, ó sì ń ha ara kòkòrò náà, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á kú. Gbígbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́. DE tó bá ti tutù kò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n kò sun, tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ pé ó yẹ fún oúnjẹ ẹran. Èkejì ni wọ́n sun nínú iná líle fún sísẹ́ omi adágún ìwẹ̀, sílíkà inú rẹ̀ sì ti yí padà di èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èkejì yìí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ adìyẹ rárá. Èyí àkọ́kọ́ náà, ẹ bo imú yín bí ẹ bá ń dà á, kí ẹ sì rántí pé adìyẹ kò ní ohun ìbomú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbọn nǹkan náà sókè sí ojú ara rẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, lára adìyẹ. Ìwádìí kan láti Yunifásítì California ní Riverside, tó jáde ní 2012, fi DE, amọ̀ funfun kaolin àti imí ọjọ́ wéra nínú àpótí iyanrìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹ̀fun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dín kòkòrò kù gan-an lára àwọn adìyẹ tó ń wọ àpótí náà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn: DE àti kaolin kò ran adìyẹ tí kò wọ àpótí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, agbára imí ọjọ́ dé ara àwọn tí kò wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí agbo yín bá ní adìyẹ tí àwọn yòókù kì í jẹ́ kó sún mọ́ ibi ìwẹ̀, tí kòkòrò sì ti bo gbogbo wọn, imí ọjọ́ ni mo máa yàn. Bí kòkòrò kò bá pọ̀, tí gbogbo wọn sì ń yí erùpẹ̀, DE tàbí kaolin tó. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ wo ara wọn, kí ẹ sì dáwọ́ dúró.

Láìmù gbígbóná, àtíkè olóòórùn dídùn, àti ìyẹ̀fun apakòkòrò tí wọ́n ṣe fún ọgbà: ẹ má dá wọn lábàá.

## Kòkòrò tí erùpẹ̀ lè mú àti èyí tí kò lè mú

Ẹ gbé adìyẹ, ẹ la ìyẹ́ abẹ́ ìdí àti abẹ́ apá rẹ̀. Bí ẹ bá rí kòkòrò tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń sá, tí ẹyin rẹ̀ funfun, tó ṣù mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́, iná adìyẹ ni. Ara adìyẹ ló ń gbé láti ìbí dé ikú, nítorí náà erùpẹ̀ àti ìyẹ̀fun lè bá a. Oríṣi kòkòrò amùjẹ̀ kan wà tó kéré ju iná lọ, tí òun náà ń gbé ara adìyẹ, tó ń sọ ìyẹ́ abẹ́ ìdí di dúdú àti ìdọ̀tí. Ìyẹ̀fun ń bá òun náà.

Àmọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní red mite yàtọ̀. Òru ni wọ́n ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Lójúmọmọ, inú ihò àti àárín pákó tí adìyẹ ń wọ̀ sí ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Adìyẹ lè yí erùpẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní bá wọn lára rẹ̀. Bí ogbe orí adìyẹ bá ń funfun, tí wọn ò fẹ́ wọlé lálẹ́ mọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lóru kí ẹ yẹ abẹ́ igi ìwọ̀ wò. Ilé ni kí ẹ tọ́jú: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dí ihò rẹ̀, ẹ bu DE sí àárín pákó. Ẹ má sì rò pé kíkó adìyẹ kúrò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan á pa wọ́n, torí wọ́n lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí ẹ̀jẹ̀ mu. Èyí tó ń wọ abẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀, tó ń mú kí ìpẹ́ máa ṣí sókè, òun náà kò gbọ́ ti erùpẹ̀. Ohun tó bá lè dí èémí rẹ̀, bíi faselíìnì tí wọ́n fi pa ẹsẹ̀ náà lemọ́lemọ́, ni a fi ń bá a jà.

## Kòtò tàbí àpótí?

Kòtò lábẹ́ òrùlé ni mo fara mọ́ bí àyè bá wà. Ó tutù díẹ̀ nísàlẹ̀, kì í dojú dé, adìyẹ fúnra wọn á sì máa gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Kí jíjìn rẹ̀ tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Àpótí dára fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń rin tàbí tí adìyẹ rẹ̀ ń gbé orí símẹ́ǹtì, ó sì rọrùn láti gbọ́n dànù kí a da tuntun sí i. Bí ó bá jẹ́ àpótí, kí ó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó ó kéré tán, torí adìyẹ fẹ́ràn kí wọ́n jọ wẹ̀. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á fẹ́ bá a wọ inú rẹ̀. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ẹyọ adìyẹ kan ló ń gbà dáadáa.

Níbi tí agbo bá ti ju mẹ́fà tàbí méje lọ, méjì ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra kí ọ̀gá inú wọn má lè ṣọ́ méjèèjì. Oòrùn dára níbẹ̀, òjò kò dára. Bí ẹ bá rí i pé inú ìtẹ́ tí wọ́n ń yé ẹyin sí ni wọ́n ti ń wẹ̀, ibi ìwẹ̀ yín ló ti tutù tàbí ló ti le.

## Àfikún: ẹ kọ́kọ́ ka ara àpò oúnjẹ

Oúnjẹ léyà, ìyẹn èyí tí wọ́n pò pé fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, sábà máa ń ní purotéènì 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún, àti kálísíọ̀mù 3.5 sí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Fítámì àti iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Àgbébọ̀ kan ń jẹ tó 100 sí 120 gíráàmù lójúmọ́, èyí tó fún un ní kálísíọ̀mù bíi 4 gíráàmù. Èèpo ẹyin kan ní tó gíráàmù méjì nínú. Bí ẹ bá rántí pé kì í ṣe gbogbo kálísíọ̀mù tó gbé mì ni ara rẹ̀ ń gbà, ẹ ó rí i pé ìṣirò ẹni tó po oúnjẹ náà péye, kò sì ṣẹ́kù púpọ̀. Ẹni tó bá wá fi àgbàdo àti àjẹkù kún un títí ó fi di ìdajì oúnjẹ, ó ti ba ìṣirò náà jẹ́, torí kálísíọ̀mù inú àgbàdo kò tó nǹkan. Ìpápánu kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Nítorí náà, ibi méjì ni agbo pín sí. Àwọn tí léyà jẹ́ olórí oúnjẹ wọn kò nílò ju ìkarahun nínú abọ́ ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń jẹ ọkà àti ohun tí wọ́n bá rí ṣà jẹ ló nílò àfikún ní ti gidi, bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, àpò léyà kan á ṣe wọ́n láǹfààní ju ìgò òògùn àpòmi mẹ́ta lọ.

### Kálísíọ̀mù: ìkarahun, òkúta ẹfun, èèpo ẹyin

Ìkarahun tí wọ́n ń pè ní oyster shell, òkúta ẹfun àti èèpo ẹyin, nǹkan kan náà ló pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n kálísíọ̀mù inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìtóbi ẹyọ wọn ni kí ẹ wò. Èèpo ẹyin máa ń gbà tó 20 wákàtí kí ó tó dì, òru ló sì ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nígbà tí adìyẹ ti wọ̀, tí kò jẹun mọ́. Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun á ti gba inú rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹyọ tó tóbi díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 5, á dúró sínú iwe, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Bí kò bá sí èyí tó ń yọ́, ara á máa yá kálísíọ̀mù láti inú egungun.

Nípa bẹ́ẹ̀, oyster shell tó rí wóró-wóró àti òkúta ẹfun tó rí wóró-wóró jọ wà ní ipò kan náà; ẹ ra èyí tó bá rọrùn. Ìyẹ̀fun wọn ló wà lẹ́yìn. Èèpo ẹyin tiyín wúlò, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ yan án nínú iná tàbí ààrò títí yóò fi gbẹ kàn-ìn kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú, kí ẹ sì fọ́ ọ débi tí kò ní jọ ẹyin mọ́, kí adìyẹ má baà kọ́ bí a ti ń jẹ ẹyin. Òun nìkan kò lè tó. Adìyẹ kì í gba gbogbo kálísíọ̀mù inú rẹ̀ padà, ẹyin tó sì lọ sílé ẹlòmíràn ti gbé èèpo tirẹ̀ lọ.

Ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ. Adìyẹ tó ń mọ èèpo lọ́wọ́ máa ń wá kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí kò yé ẹyin á sì fò ó dá. Bí ẹ bá pò ó, ẹ ti fipá fún àkùkọ àti àwọn ọ̀dọ́, kálísíọ̀mù àpọ̀jù sì ń ba kídìnrín jẹ́.

Ṣé èèpo ẹyin ṣì ń rọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí? Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, torí ẹyin adìyẹ àgbà máa ń tóbi sí i, èèpo rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ó lè jẹ́ ooru, ìpayà, tàbí àrùn èémí. Ó sì lè jẹ́ pé adìyẹ kò rí oòrùn, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní fítámì D, bẹ́ẹ̀ láìsí òun ara kò lè gba kálísíọ̀mù. Dída ìkarahun sí i kò wo ìkankan nínú wọn sàn.

### Òkúta wẹ́wẹ́ kì í ṣe ìkarahun

Adìyẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun kò léyín; ìdérègbè tó léyín, ṣé ó ń gbé irin mì ni? Òwe yìí ti sọ iṣẹ́ òkúta tán. Inú iwe ló ń wà, òun ló ń bá adìyẹ lọ oúnjẹ. Ìkarahun kò lè ṣiṣẹ́ yìí torí pé ó ń yọ́. Òkúta líle bíi akọ òkúta kì í yọ́, kò sì ní kálísíọ̀mù tó lè mú èèpo le. Ẹ gbé wọn sí abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ta ló nílò rẹ̀? Adìyẹ tó ń rìn káàkiri lórí ilẹ̀ olókùúta ti rí tirẹ̀ ṣà. Adìyẹ tí wọ́n sé mọ́lé, tó ń jẹ léyà nìkan, lè má nílò rẹ̀. Èyí tí wọ́n sé mọ́lé tí wọ́n sì ń fún ní odidi ọkà tàbí koríko ló nílò rẹ̀ gan-an, torí koríko gígùn lè ṣù sínú àpò ọ̀fun rẹ̀.

### Nígbà tí ìyẹ́ bá ń re

Purotéènì ló kó nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ́. Nígbà tí adìyẹ bá ń re ìyẹ́, ó sábà máa ń dá ẹyin dúró, ó sì ń wá ohun tí yóò fi hu ìyẹ́ tuntun. Oúnjẹ tó ní purotéènì 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ló dára jù, nítorí gbogbo èròjà rẹ̀ ti bá ara mu. Ìdin gbígbẹ ni àwọn ènìyàn ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá torí pé adìyẹ máa ń sáré tẹ̀ lé ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́. Nínú ìdin méjì tó wọ́pọ̀, purotéènì mealworm pọ̀ díẹ̀ ju ti ìdin black soldier fly lọ, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré púpọ̀, ti èkejì sì pọ̀ gan-an. Fún àgbébọ̀, ìdin black soldier fly ni mo yàn. Àwọn méjèèjì lọ́ràá; ṣíbí kékeré kan fún adìyẹ kan ti tó. Ilẹ̀ kan wà tí òfin kò gbà kí wọ́n fi ìdin gbígbẹ bọ́ adìyẹ, nítorí náà ẹ bèèrè.

### Ohun tí wọ́n ń pò sínú omi

Fítámì àpòmi wúlò lẹ́yìn àìsàn, ìrìn àjò, tàbí nígbà tí oúnjẹ kò dára. Ìmọ́lẹ̀ àti ọjọ́ pípẹ́ ń ba á jẹ́, nítorí náà ẹ máa pò ó tuntun lójoojúmọ́, kí ẹ má sì sọ ọ́ di ti gbogbo ìgbà: fítámì A àti D máa ń kó jọ sínú ara, wọ́n sì lè di májèlé.

Ìgbà ooru ni omi oníyọ̀ tí wọ́n pò fún ẹran ń wúlò jù. Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, ṣùgbọ́n adìyẹ kò ní ojú òógùn. Ẹnu ló ń là, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láti tu ara rẹ̀. Bó ṣe ń mí bẹ́ẹ̀, kábọ́nì dáyọ́ọ́sáìdì ń jáde jù lára rẹ̀, èròjà tí yóò fi mọ èèpo ẹyin á sì dínkù. Iboji àti omi tútù ni kí ẹ fi ṣáájú, omi oníyọ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ má fọwọ́ ara yín bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sí omi. Iyọ̀ àpọ̀jù ń pa adìyẹ.

Fínígà? Ó lè dín ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó máa ń hù nínú agbada omi, kù. Gbogbo ìyókù tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò ní ẹ̀rí tó lágbára, ẹ má sì fi sínú agbada páànù, torí kíkan rẹ̀ máa ń yọ síńkì inú páànù sínú omi. Aáyù kò ṣe é gbọ́kàn lé gẹ́gẹ́ bí òògùn aràn. DE inú oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀: gbígbẹ ló fi ń pa kòkòrò, inú ìfun sì tutù. Bí ẹ bá fura sí aràn, ẹ gbé ìgbẹ́ adìyẹ lọ fún dókítà ẹran kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ mélòó tí ẹ kò ní jẹ ẹyin lẹ́yìn tí ẹ bá lo òògùn tó bá fún yín. Ohun tó ń mú pupa ẹyin pọ́n sí i, àwọ̀ ló ń yí padà. Oúnjẹ inú rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

## Bí àgbà àti ọmọ bá jọ ń jẹun

Agbo ẹ̀yìnkùlé kì í sábà jẹ́ ọjọ́ orí kan. Àkùkọ wà, àgbébọ̀ wà, àwọn tí kò tíì yé ẹyin náà wà, gbogbo wọn sì ń jẹ nínú ọpọ́n kan. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ya ọpọ́n àwọn ọmọ sọ́tọ̀, sábẹ́ àgò tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba àgbà, iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì nìyẹn. Tàbí kí ẹ fún gbogbo wọn ní oúnjẹ gúrówà, ìyẹn ti adìyẹ tó ṣì ń dàgbà, tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kò ju bíi 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ẹ sì gbé abọ́ ìkarahun sí ibi tí àgbébọ̀ á máa dé nígbà gbogbo. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fọwọ́ sí fún agbo kékeré, títí àwọn ọmọ á fi tó ọ̀sẹ̀ 16 sí 18. Àwọn ọmọ lè ṣa ìkarahun díẹ̀ wò, wọ́n á sì fi sílẹ̀. Ìyẹn kò léwu. Èyí tó léwu ni kí léyà jẹ́ oúnjẹ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ fún wọn.